Everett McKinley Dirksen (1896–1969): Ìtàn Ìgbésí-Ayé Aṣòfin Ọmọ Ìlú Pekin

Ìfáàrà

Nínú ìtàn òṣèlú orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, orúkọ àwọn Ààrẹ ni ó máa ń ròkè jù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ Abraham Lincoln, wọ́n mọ John Kennedy, wọ́n sì lè dárúkọ Martin Luther King láìronú rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó wà nídìí òfin ọdún 1964 tí ó fún àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ní àǹfààní láti wọ ilé oúnjẹ àti ilé ìtura tí ó bá wù wọ́n, Ààrẹ Lyndon Johnson ni ọ̀pọ̀ yóò dárúkọ. Wọn kò parọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Johnson ni ó fọwọ́ sí òfin náà, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ìyẹn Democrat, ni ó sì pọ̀ jù ní ilé aṣòfin méjèèjì. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà nìkan kò lè gbé àbádòfin ọ̀hún dé èbúté, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni àwọn alátakò tí ó le jùlọ wà. Ọ̀gbẹ́ni kan láti inú ẹgbẹ́ kejì, Republican, ni ó kó ìbò tí ó kù wá. Everett McKinley Dirksen ni orúkọ rẹ̀.

Dirksen kì í ṣe ajàfẹ́tọ̀ọ́, kò sì fi ìgbà kankan pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara àwọn olóṣèlú tí ó dì mọ́ ọ̀nà àtijọ́ ni: àwọn tí wọ́n gbà pé kò yẹ kí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ gùn jù, pé kí owó-orí má wúwo, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa bójú tó ọ̀ràn ara rẹ̀, kí àyípadà sì máa rìn jẹ́jẹ́. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ṣílẹ̀kùn fún òfin tí ó na ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ wọ inú ilé oúnjẹ àti ilé-iṣẹ́ aládàáni. A kò ní fi bò pé ó ní àwọn ìpinnu mìíràn tí kò bá ti ọdún 1964 mu.

Ìbí àti Ìgbà Èwe

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1896 ni a bí Dirksen ní Pekin, ìlú kékeré kan ní etí odò ní ìpínlẹ̀ Illinois. Láti ilẹ̀ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ìbejì ni, Thomas ni orúkọ èkejì rẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bàbá Dirksen kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ó fi orúkọ Ààrẹ Benjamin Harrison sọ ẹ̀gbọ́n wọn. Ó fi ti Thomas Reed, olórí ilé aṣojú-ṣòfin nígbà náà, sọ ọ̀kan nínú ìbejì. Ó sì fi ti William McKinley, tí ó wọlé ìbò Ààrẹ nínú ọdún náà gan-an, kún orúkọ Everett. Ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A lè sọ pé kí ọmọ tó mọ ohun tí ìbò ń jẹ́ ni a ti yan ẹgbẹ́ fún un.

Àdúgbò àwọn àlejò láti Jámánì ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀wà ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń gbìn yí ilé wọn ká dípò òdòdó, àwọn ará ìlú sì fi ẹ̀wà pe àdúgbò náà. Everett kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá náà kú. Ìyá wọn kò káwọ́ gbera. Òun àti àwọn ọmọ ń sin màlúù àti adìẹ, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń ta wàrà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti máa ń jí ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí Dirksen dàgbà tí ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí ìnáwó ìjọba, ọgbà ìyá rẹ̀ yìí ni ó máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ó lọ sí Yunifásítì Minnesota láti kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Kò parí rẹ̀. Ní ọdún 1917, Amẹ́ríkà wọ ogun àgbáyé kìíní, ó sì wọ iṣẹ́ ológun. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ní ilẹ̀ Faransé kò rọrùn: inú bàlúùnù ńlá ni ó máa ń wà lókè, tí yóò máa wo ibi tí ọta àgbá ń bọ́ sí, tí yóò sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀tá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti wá irú àfojúsùn bẹ́ẹ̀ kiri.

Ilé Búrẹ́dì àti Eré Orí-Ìtàgé

Nígbà tí ó padà dé Pekin, ó dá owó pọ̀ sí òwò ẹ̀rọ ìfọṣọ, òwò náà sì forí ṣánpọ́n. Lẹ́yìn náà ni ó dara pọ̀ mọ́ àwọn arákùnrin rẹ̀ nínú iṣẹ́ búrẹ́dì. Ẹni tí ó bá ń gbé búrẹ́dì káàkiri ìlú kékeré yóò mọ gbogbo ojúlé. Èyí wúlò fún un lẹ́yìn ọ̀la.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ fà sí jùlọ ni eré orí-ìtàgé. Ó kọ eré púpọ̀ àti ìtàn púpọ̀, ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ni a kò tẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ a sì máa ṣeré. Ìyá rẹ̀, tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ tí kò fi ọ̀rọ̀ ìjọ ṣeré, kò fẹ́ kí ọmọ òun sọ ìtàgé di iṣẹ́ òòjọ́, ọmọ náà sì ṣèlérí pé òun kò ní ṣe é. Ó mú ìlérí náà ṣẹ, bí a kò bá ka òṣèlú kún ìtàgé. Nídìí eré yìí ni ó ti pàdé Louella Carver, tí ó fẹ́ ní ọdún 1927. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Joy.

Àwa tí a ń kọ́ni ní ìlò-èdè lè rí nǹkan mú nínú èyí. Nígbà tí ó yá, ohùn Dirksen di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀ lórí rédíò àti tẹlifíṣàn: ohùn jíjinlẹ̀, tí ó ń lọ sókè sódò, tí ó máa ń rọlẹ̀ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ó tó ga lójijì. Kì í sábà ka ọ̀rọ̀ láti inú ìwé. Ìwọ̀nba kókó díẹ̀ ni ó máa ń kọ sílẹ̀. Àwọn oníròyìn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń yọ̀ bí òróró. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yìí náà kì í fẹ́ pàdánù ìjókòó ọjọ́ tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ọ ní yunifásítì; Bíbélì ìyá rẹ̀ àti eré àwọn ará Pekin ni ó ti kọ́ ọ.

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin, 1933–1949

Láti inú ìgbìmọ̀ ìlú Pekin, níbi tí ó ti ń bójú tó ìṣúná, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú. Ní ọdún 1930, ó bá ẹni tí ó wà lórí àga nínú ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ du ipò aṣojú-ṣòfin. Ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ni ó fi kù. Ní ọdún 1932 ó tún gbìyànjú, ó sì wọlé. Ẹ rántí pé ọdún náà ni àwọn olùdìbò kó àwọn Republican dànù káàkiri Amẹ́ríkà nítorí ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀-ajé, tí Franklin Roosevelt sì di Ààrẹ. Ẹni tí ó wọlé lábẹ́ àsíá Republican nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ní láti jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti ń bá ọmọ ẹgbẹ́ kejì sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó dé Washington, ó ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò ìrànwọ́ Roosevelt lẹ́yìn, nítorí pé ebi ń pa àwọn tí ó rán an níṣẹ́.

Lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó wà lára àwọn tí kò fẹ́ kí Amẹ́ríkà dá sí ìjà àwọn ará Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1941, oṣù mẹ́ta kí Japan tó kọlu Pearl Harbor, ó dìde nínú ilé, ó sì kéde pé òun yóò ti Ààrẹ lẹ́yìn. Ó ya àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo ayé rí i tí ó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà láàárín òkun. Kì í ṣe ìgbà ìkẹyìn. Ní àárín iṣẹ́ yìí kan náà ni ó parí ẹ̀kọ́ òfin tí ó ti pa tì; ó ń kà á lálẹ́, ó sì di agbẹjọ́rò ní ọdún 1936.

Ojú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1947, ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ọ̀tún wú, ó sì ń ṣókùnkùn. Àwọn oníṣègùn gbà á nímọ̀ràn pé kí wọ́n yọ ẹyinjú náà. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń rò ó, inú ọkọ̀ ojú-irin ni ó ti kúnlẹ̀ gbàdúrà nígbà tí ó ń lọ rí dókítà ní Baltimore, nígbà tí ó sì débẹ̀, ó kọ̀ kí wọ́n fọwọ́ kan ojú òun. Kò du ipò mọ́ ní ọdún 1948. Ó lọ sinmi ní ilé, ojú náà sì sàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè padà sí ìdí òṣèlú.

Ilé Aṣòfin Àgbà: Ọdún Mẹ́wàá Àkọ́kọ́

Ní ọdún 1950, ó du ipò Sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ Illinois. Scott Lucas ni ó bá du ú, ẹni tí ó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú ilé aṣòfin àgbà. Ìwádìí kan tí àwọn aṣòfin ń ṣe lórí ìwà ọ̀daràn àti ìwà ìbàjẹ́ ní Chicago ba Lucas jẹ́, Dirksen sì wọlé.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé èyí kò buyì kún un. Lára àwọn tí ó dúró ti Joseph McCarthy ni, Sẹ́nétọ̀ tí ó ń fi ẹ̀sùn Kọ́múníìsì kan ènìyàn lọ́tùn-ún lósì láìní ẹ̀rí tí ó dúró. Dirksen gbìyànjú láti mú McCarthy tọrọ àforíjì; ọkùnrin náà kọ̀. Nígbà tí ilé dìbò ní oṣù kejìlá ọdún 1954 láti bá McCarthy wí, ìbò 67 gbà bẹ́ẹ̀, 22 kò gbà. Dirksen wà nínú àwọn 22. Àwọn kan gbèjà rẹ̀ pé ọ̀rẹ́ ni ó ṣe. Èmi kò rí ìdí tí ọ̀rẹ́ fi ní láti ga ju orúkọ àwọn aláìṣẹ̀ tí a ti bà jẹ́ lọ.

Ní àpérò ẹgbẹ́ Republican ní Chicago ní ọdún 1952, Robert Taft, olórí àwọn tí ó dì mọ́ ọ̀nà àtijọ́, ni ó ṣe agbátẹrù fún. Láti orí pèpéle ni ó ti nàka sí Gómìnà Thomas Dewey ti New York láàárín èrò, ó sì dá a lẹ́bi pé òun ni ó sin ẹgbẹ́ náà lọ sínú ìjákulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n Dwight Eisenhower ni ó gba tíkẹ́ẹ̀tì tí ó sì di Ààrẹ. Ọdún díẹ̀ ni Dirksen fi bá Eisenhower fa ọ̀rọ̀ kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn tí Ààrẹ náà gbẹ́kẹ̀ lé jùlọ nínú ilé. Ó ti àwọn òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1957 àti 1960 lẹ́yìn. Òfin aláìlágbára ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1959, àwọn Republican inú ilé náà fi ìbò 20 sí 14 yàn án ṣe aṣáájú wọn, ó borí John Sherman Cooper ti Kentucky. Ipò aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó kéré jù nínú ilé yìí ni ó wà títí ó fi kú. Kì í ṣe ipò tí ó ní agbára púpọ̀ nínú ìwé. Dirksen ni ó fún un ní agbára. Ó ṣètò kí àwọn Sẹ́nétọ̀ tuntun rí àyè nínú ìgbìmọ̀ tí ó dára; ó ń bá wọn gba ipò fún àwọn ènìyàn wọn lọ́dọ̀ Ààrẹ; ó ń rántí ọjọ́ ìbí aya wọn. Nígbà tí ó bá wá nílò ìbò, kò sí ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní oore. Ní ọdún 1963, ó kọ́kọ́ kọminú sí àdéhùn tí Kennedy bá Rọ́ṣíà àti Bìrìtìkó ṣe láti dẹ́kun ìdánwò àdó-olóró inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn tí ó ti gba ìdánilójú tí ó fẹ́ lọ́wọ́ Ààrẹ, ó yí padà, ilé sì fi ìbò 80 sí 19 fọwọ́ sí àdéhùn náà.

Ọdún 1964

Kí òfin ọdún 1964 tó dé, adúláwọ̀ kò lè jókòó jẹun níbi tí ó wù ú ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, kò lè sùn sí ilé ìtura tí ó bá rí lọ́nà, iṣẹ́ tí ó lè rí kò sì tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará Áfíríkà tààrà. Ní ọdún 1961, ilé oúnjẹ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland kọ̀ láti tọ́jú aṣojú orílẹ̀-èdè Chad tí ó ń lọ sí Washington, ìjọba Kennedy sì tọrọ àforíjì. Bí a bá ṣe báyìí sí aṣojú Ààrẹ, ẹ wo ohun tí ojú mẹ̀kúnnù yóò máa rí.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 1964, ilé aṣojú-ṣòfin fi ìbò 290 sí 130 gba àbádòfin náà wọlé. Ilé aṣòfin àgbà ni ìjà wà. Nínú ilé náà, Sẹ́nétọ̀ lè sọ̀rọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè ní kí ó jókòó. Àwọn tí kò fẹ́ òfin kan yóò kàn máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, títí ilé yóò fi jọ̀wọ́ òfin náà. Ní ọdún 1957, Strom Thurmond dá nìkan sọ̀rọ̀ fún wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18. Nígbà náà, ọ̀nà kan ṣoṣo láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni kí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ilé dìbò láti fòpin sí àríyànjiyàn, ìyẹn ènìyàn 67 bí gbogbo 100 bá pé. Irú ìbò bẹ́ẹ̀ kò tíì yọrí sí rere rí lórí òfin ẹ̀tọ́ àwọn adúláwọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà. Àwọn Democrat jẹ́ 67, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá láti gúúsù nínú wọn kò ní gbà láé. Ní ìkẹyìn, 44 péré ni ó jáde wá láti inú ẹgbẹ́ Ààrẹ. Ó ku 23, àwọn 33 tí ó jẹ́ Republican nìkan ni a sì ti lè rí wọn. Johnson, tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ aṣáájú nínú ilé náà, mọ èyí kí àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó pàṣẹ fún Hubert Humphrey, tí ó ń darí ìjà fún àbádòfin náà, pé kí ó máa bẹ Dirksen, kí ó máa yìn ín, kí ó sì jẹ́ kí ògo náà jẹ́ tirẹ̀ bí ó bá yọrí sí rere. Humphrey ṣe bẹ́ẹ̀, ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀.

Dirksen ní ohun méjì tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Èkínní ni apá tí ó kan àwọn ilé ìgbafẹ́ àti ilé oúnjẹ aládàáni. Ó ń rò ó bóyá ìwé òfin orílẹ̀-èdè gba ìjọba láyè láti sọ ẹni tí oníṣòwò gbọ́dọ̀ tà fún. Èkejì ni apá tí ó kan ìgbanisíṣẹ́. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Illinois ti ní òfin tiwọn lórí rẹ̀. Kò fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ kan máa jẹ́jọ́ níwájú ìjọba méjì lórí ọ̀ràn kan ṣoṣo. Ó kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àtúnṣe kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi jókòó nínú ọ́fíìsì rẹ̀: Humphrey, Mike Mansfield, Agbẹjọ́rò Àgbà Robert Kennedy, àti àwọn amòfin tí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ní àárín oṣù karùn-ún, wọ́n fẹnu kò. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ní òfin tiwọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀sùn. Ìjọba àpapọ̀ yóò sì lè pe ẹjọ́ fúnra rẹ̀ níbi tí ìwà ìyàsọ́tọ̀ bá ti di àṣà, kì í ṣe lórí ẹnìkan tàbí ẹni méjì tí ó ṣèèṣì. Àwọn kan rò pé ó ti gé apá òfin náà. Bí a bá wo ohun tí ó kù lójú, kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀tọ́ tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀, ọ̀nà tí a ó gbà béèrè fún un ni ó yí padà. Àtúnṣe náà sì ṣe iṣẹ́ mìíràn tí ó ju iṣẹ́ òfin lọ: ó fún àwọn Republican tí ẹ̀rù ń bà ní ìdí láti padà sọ fún àwọn ará ilé wọn pé àwọn ti dín ọwọ́ ìjọba kù kí àwọn tó dìbò.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Bourke Hickenlooper ti Iowa, tí kò fẹ́ràn bí gbogbo oríyìn ṣe ń lọ sọ́dọ̀ Dirksen, kó àwọn díẹ̀ sẹ́yìn, ó ní àfi kí ilé kọ́kọ́ dìbò lórí àwọn àtúnṣe kan. Wọ́n gbà fún un ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni Robert Byrd ti West Virginia ti dìde, ó sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 13, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà náà, Dirksen dìde. Ara rẹ̀ kò le. Ọgbẹ́ inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, sìgá sì ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó yá èrò kan tí wọ́n ń sọ pé ó jẹ́ ti Victor Hugo, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, pé nígbà tí àkókò èrò kan bá tó, kò sí ọmọ-ogun tí ó lè dá a dúró; ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà lé ilé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ìwà ọmọlúàbí. Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ. Nígbà tí ó kan Clair Engle ti California, ilé dákẹ́. Kókó inú ọpọlọ ti gba ohùn rẹ̀; orí àga onítáyà ni wọ́n fi gbé e wọlé. Ó gbé ọwọ́ sókè pẹ̀lú ìnira, ó sì tọ́ka sí ojú rẹ̀, nítorí pé ojú àti bẹ́ẹ̀ni dún bákan náà ní èdè wọn nígbà ìdìbò. Ìbò rẹ̀ wọlé. Kò pé oṣù méjì tí ó kú.

Nígbà tí wọ́n ka gbogbo rẹ̀, 71 gbà, 29 kò gbà. Nínú àwọn 71, Republican jẹ́ 27. Mẹ́fà péré ni kò tẹ̀ lé Dirksen. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, ilé gba òfin ọ̀hún pẹ̀lú ìbò 73 sí 27, Johnson sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kejì oṣù keje.

Kí ni ó mú un ṣe é? Àwọn kan ní ògo ni ó ń wá, ògo náà sì wu ú lóòótọ́. Àwọn mìíràn ní kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ Lincoln, tí Illinois jẹ́ ilé rẹ̀, di ẹgbẹ́ tí ó pa òfin àwọn ọmọ ẹrú. Ní èrò tèmi, ìdí méjèèjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kẹta ni ó wúwo jù: ó rí i pé ìlú kò lè rójú mọ́ bí ilé-ẹjọ́ àti ojú pópó nìkan bá ń ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí aṣòfin ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ kí àyípadà máa rìn jẹ́jẹ́ ní láti jẹ́ kí ó rìn.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí a fò. Barry Goldwater wà nínú àwọn mẹ́fà tí ó kọ òfin náà, nítorí kókó méjì kan náà tí Dirksen ti bá jà kí ó tó gbà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ní San Francisco, Dirksen yìí kan náà ni ó dìde níwájú àpérò ẹgbẹ́ láti fa Goldwater kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ. Ẹgbẹ́ ni ẹgbẹ́ ń jẹ́ lójú rẹ̀.

Àwọn Ọdún Ìkẹyìn

Ní ọdún 1965, ọ́fíìsì Dirksen náà ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò, tí ó fòpin sí ẹ̀tàn tí a fi ń lé àwọn adúláwọ̀ kúrò ní ibùdó ìdìbò ní gúúsù. Ní àkókò yìí kan náà ni òun fúnra rẹ̀ darí irú àsọyé àìlópin tí ó ti borí ní ọdún 1964, láti dáàbò bo òfin tí ó fún ìpínlẹ̀ láyè láti má fi dandan mú òṣìṣẹ́ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó borí níbẹ̀ náà.

Ibi tí ó ti pàdánù ni ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ. Ilé-ẹjọ́ náà ti dá a lẹ́jọ́ ní ọdún 1962 pé ilé-ìwé ìjọba kò gbọ́dọ̀ ṣe ètò àdúrà fún àwọn ọmọ, ní ọdún 1964 pé agbègbè ìdìbò sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba ní iye ènìyàn. Dirksen fẹ́ fi àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè yí méjèèjì padà. Lórí agbègbè ìdìbò, ó rí ìbò 57 sí 39 ní ọdún 1965, àti 55 sí 38 ní ọdún 1966. Lórí àdúrà, 49 sí 37. Ó ní èyí tí ó pọ̀ jù nígbà gbogbo, kò sì fìgbà kan ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta. Gbèdéke tí ó fi ọgbọ́n fò kọjá ní ọdún 1964 ni ó dá a dúró yìí.

Ní ọdún 1966 bákan náà, nígbà tí Johnson mú òfin wá kí ẹnikẹ́ni má fi àwọ̀ ṣe ìdí láti kọ̀ láti ta ilé tàbí yá ènìyàn nílé, Dirksen ní ó lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Láìsí i, ìbò láti fòpin sí àríyànjiyàn kùnà lẹ́ẹ̀mejì, òfin náà sì kú. Ọdún méjì ni àwọn tí ó nílò ilé fi dúró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 ó tún yí padà, ó gbà sí àdéhùn kan, ilé aṣòfin àgbà sì gba òfin náà ní oṣù kẹta. Wọ́n pa Martin Luther King ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin. Ilé kejì gbà á ní ọjọ́ kẹwàá, Johnson sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ kọkànlá. Mo rò pé ìdúró ọdún méjì yìí ni àbàwọ́n tí ó tóbi jùlọ lára iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ aráàlú, nítorí kò sí nǹkan kan nínú ìwé òfin lórí ọ̀ràn yìí tí ó yí padà láàárín ọdún 1966 sí 1968.

Síbẹ̀ àwọn ará ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Ó ṣe àwo rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí ó fi ń sọ ìtàn àwọn akíkanjú ilẹ̀ wọn, àwo náà tà, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní ọdún 1968 nígbà tí ó ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún. Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí bílíọ̀nù owó ìjọba tí gbogbo ènìyàn gbà pé òun ni ó sọ ọ́. Àwọn tí ó ń tọ́jú ìwé rẹ̀ wá a títí, wọn kò rí i nínú ìwé tàbí ẹ̀rọ kankan. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn kò ní jẹ́ kí èyí yà wá lẹ́nu: bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn ni a ó gbé e fún.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1969, àwọn dókítà rí jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ilé ìwòsàn Walter Reed ní Washington, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án. Ẹni ọdún 73 ni. Wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí gbọ̀ngàn ńlá ilé aṣòfin kí gbogbo ènìyàn lè wá kí i pé ó dìgbà, kí wọ́n tó gbé e lọ sin sí Pekin. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Howard Baker ti Tennessee, du ipò aṣáájú tí ó ṣí sílẹ̀, kò rí i gbà. Ọdún 1977 ni ó tó dé orí àga náà, ó sì di aṣáájú ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù ní ọdún 1981. Ní ọdún 1972, wọ́n fi orúkọ Dirksen sọ ọ̀kan nínú àwọn ilé ọ́fíìsì Sẹ́nétọ̀ ní Washington.

Ohun kan kù tí ó bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọọdún tí kò rí gbà. Òdòdó aláwọ̀ wúrà tí wọ́n ń pè ní marigold ni ó fẹ́ kí wọ́n fi ṣe òdòdó orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì máa ń sọ ọ̀rọ̀ aládùn lé e lórí nínú ilé títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi máa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1986 ni ìjọba yan òdòdó rose. Ṣùgbọ́n àwọn ará Pekin ti fi marigold ṣe òdòdó ìlú tiwọn, wọ́n sì dá àjọ̀dún rẹ̀ sílẹ̀ ní ìrántí rẹ̀.